“Ẹ Wá Jẹun” Ẹnu Lásán

Àkànjí, ọmọ àbúrò mi, jókòó tì mí. Ọkùnrin kan wà tó ń tu ọkọ̀ lórí odò ńlá kan, ní ìlú tí n kò ní dárúkọ, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kì í fẹ́ kí a máa fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Láàárọ̀, á kó àwọn àgbẹ̀ lọ sí òdìkejì odò níbi tí oko wọn wà. Ní ìrọ̀lẹ́, á kó wọn padà wá sílé. Bàbá rẹ̀ ló fi àjẹ̀ ìtukọ̀ lé e lọ́wọ́. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì wá òmíràn.

Odò yẹn fẹ̀ débi pé bí kùrukùru bá bò ó láàárọ̀, ọkọ̀ a máa lọ bí ohun tó ń rìn lójú ọ̀run. Àwọn èrò á dákẹ́. Omi á máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ pákó. Ẹni tí kò sùn pàápàá á rò pé òun ń lálàá.

Ọmọlúwàbí ni atukọ̀ yìí. Kò sí ẹni tó lè kọjá níbi tó bá ti ń jẹun kó má sọ fún un pé, “Ẹ wá jẹun.” Ìwọ náà mọ ìdáhùn rẹ̀: “Á gba ibi ire.” Ẹni náà á sì bá tirẹ̀ lọ. Ká sòótọ́, bí ẹni tí a pè bá jókòó, àwa tí a pè é ni ojú á kọ́kọ́ tì, nítorí oúnjẹ tó wà nílẹ̀ kò ju ti ẹnì kan lọ. Ìkíni ni. A kò pe ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ atukọ̀ kì í yí padà. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, iṣu lálẹ́, ata àti ẹja ló sì ń tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ọgbà kékeré kan létí omi, tí gbúre, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kún bámúbámú. Láwọn ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ra, obìnrin náà a máa bu ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀. Atukọ̀ á fi ìka tì í sí etí àwo, á ní, “Ìyá Ìbídùn, ṣé ewúrẹ́ ni mí?”

Bí ìyàwó bá ráhùn sí i, á ní òun kò kórìíra ẹ̀fọ́ rárá. “Ẹ̀fọ́ dára,” á wí. “Lọ́jọ́ tí a bá rí ẹran ìgbẹ́, pẹ̀lú pọ̀nmọ́ àti irú gidi, kí o ro ìkòkò kan tó ní láárí. Ìgbà yẹn ni wàá rí bí mo ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́.” Ọjọ́ yẹn kò dé. Ẹran ìgbẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan, ọbẹ̀ ata ni wọ́n fi sè. Nígbà tó yá, ó sú ìyàwó. Ó ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, kò gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ mọ́.

Má rẹ́rìn-ín, Àkànjí. Mo ń bọ̀ wá bá ọ.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ojú atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kùrukùru kan á sọ̀ kalẹ̀ sórí odò, òun nìkan ló sì ń rí i. Àwọn èrò á máa fi ẹyẹ han ara wọn, wọn á máa tọ́ka sí iná tí wọ́n dá lábúlé. Òun á wo iwájú, eérú ni yóò rí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Atukọ̀ tí kò ríran, kí ló kù tó ń jẹ́?

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Kò bi í, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ ní èbúté ilé, á máa ké láti ibẹ̀ pé, “Bàbá Ìbídùn, ẹ kú ewu odò o. Ẹ kú ewu odò o.” Ibi tí ohùn náà bá ti wá ni atukọ̀ ń darí ọkọ̀ sí. Àwọn èrò a máa fi wọ́n ṣàwàdà pé ìfẹ́ tiwọn kì í gbó. Ìfẹ́ náà ni, lóòótọ́. Obìnrin náà ń fi ohùn ṣe ojú fún ọkọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ibà dá ìyàwó dúbúlẹ̀. Kò sí ohùn ní èbúté. Atukọ̀ wa ọkọ̀ lọ tààrà sínú ojúoró tó bo etí omi, ọkọ̀ fì, ìyá kan tó pọn ọmọ sì ṣubú sínú omi tó mù ún dé àyà. Wọ́n sáré fà á yọ. Ọmọ náà sín, ó sunkún, ó yè.

Àwọn àgbà pe atukọ̀ ní ọjọ́ kejì. Wọn kò pariwo mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn ti ń fura sí igbe ìyàwó rẹ̀ tipẹ́. Òun ló sọ̀rọ̀: “A kò gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ lónìí. Títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé, ọ̀sán nìkan ni kí o máa tukọ̀. Lẹ́yìn náà, wàá kó wa kọjá ní ìrọ̀lẹ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò pè ọ́ láti èbúté. Bí o bá rí èèkàn, àjẹ̀ ṣì jẹ́ tìrẹ. Bí o kò bá rí i, a ó fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí tẹ́ ẹní sábẹ́ igi létí odò, ó jókòó ti ẹ̀bà rẹ̀. Oòrùn mú, omi ń dán, ojú rẹ̀ wúwo. N kò mọ̀ bóyá ó sùn. Òun pàápàá kò mọ̀. Obìnrin kan gòkè wá láti etí omi, aṣọ ara rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé àárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rin fún omi. Ó dúró nídìí àwo.

“Ẹ wá jẹun, ìyá,” ni atukọ̀ wí.

“Á gba ibi ire,” ni obìnrin náà dáhùn, ó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, nídìí iṣu, ó tún dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nídìí ẹ̀kọ, ó tún dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ mẹ́fà. Kì í bínú. Á kàn dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ibi tí yóò jókòó sí, á súre, á sì rọra padà síbi omi. Nígbà tó bá lọ tán, ata á máa ta atukọ̀ lẹ́nu, kò sì ní mọ ohun tó kù tó ń fẹ́.

Ní ọjọ́ keje, ó bi í léèrè. “Ìyá, gbogbo ìgbà ni mò ń pè yín. Kí ló dé tí ẹ kì í bá mi jẹun?”

“O ń pè mí,” ni obìnrin náà wí, “ṣùgbọ́n o kò sún.”

Atukọ̀ wo ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Itan rẹ̀ gba gbogbo ẹní. Ẹ̀bà gba gbogbo àwo, ẹja sì gba ìyókù. Omi ìfọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ó sì ti fọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ojú tì í.

“Ẹ má bínú,” ó ní. “Mo rò pé bí ẹ bá jókòó, gbogbo ìkòkò lẹ máa fẹ́. Mo ní kí n dúró di ọjọ́ tí nǹkan bá pọ̀.”

Obìnrin náà la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ibi tó tó èyí ni mò ń wá, nídìí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Èmi kò béèrè ọjọ́ ọdún.”

“Kí ni kí n máa pè yín?”

“Ìyàwó rẹ mọ orúkọ mi. Òun ló ń já mi.”

Nígbà tí atukọ̀ la ojú, ẹ̀bà ti tutù. Ilẹ̀ tí obìnrin náà tẹ̀ ti gbẹ, tàbí kẹ̀, kò tilẹ̀ rin rí. Ó dìde, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ nínú ọgbà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́, títí kan ti ojú rẹ̀ tó ń ṣú.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán. “Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Àṣé ojú àlá ló yẹ kí n ti wá bá yín.” Lẹ́yìn náà ló fi etí ìró nu ojú.

Wọn kò ro ìkòkò ẹ̀fọ́ ńlá kankan. Bí wọ́n bá lọ ẹ̀wà láàárọ̀ fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí wọn yóò fi jẹ ẹ̀kọ, ìyàwó á rẹ́ ṣọkọ wẹ́wẹ́ sí i. Lọ́sàn-án, bí ọbẹ̀ ẹja bá ti jiná, á ju ẹ̀kúnwọ́ gbúre kan sí i kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ó tó ro ẹ̀bà tán, gbúre ti rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tẹ̀tẹ̀ tí a bọ̀, tí a fi iyọ̀ àti epo díẹ̀ sí, á jókòó ti iṣu. Nínú ọkọ̀, ikàn ni atukọ̀ ń jẹ bó bá ń dúró de èrò. Ohun kan ṣoṣo ló fi ṣe òfin fún ara rẹ̀: ewé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu òun, kí ọwọ́ tó kan ẹja. Ṣé àlejò kọ́ la ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún ni?

Kò dùn mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀, n kò ní tàn ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ló ṣe ń jẹ ẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n ń pè é ní Bàbá Ewúrẹ́. Ó dún bí ewúrẹ́ fún wọn, ó sì ń jẹ lọ. Nígbà tí oṣù kejì wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè bí kò bá rí i lójú àwo.

Obìnrin etí omi kò wá mọ́. Atukọ̀ máa ń wo ọ̀nà ibẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun, ọkàn rẹ̀ sì ń fà á. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní, “Ẹni tó ti jókòó, ṣé ó tún ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni?”

Oṣù mẹ́ta pé. Àwọn àgbà wọ ọkọ̀ láti òdìkejì nígbà tí oòrùn ń rì sínú omi. Àwọn ará ìlú ti péjọ sí èbúté ilé, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọhùn. Atukọ̀ ti ọkọ̀ kúrò ní bèbè. Kùrukùru rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń sọ̀. Ó tu, ó tu, ó dé àárín odò, eérú ló ṣì ń rí. Kò sí ohùn kankan láyé. Àgbà kan wúkọ́, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà náà ni eérú náà fẹ́lẹ́. Nǹkan dúdú kan yọ nínú rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán: èèkàn ni. Ènìyàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn náà. Atukọ̀ tu sí i, ó sì rí i pé ẹni náà fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀ mú pinpin, kí ohùn má baà bọ́ lójijì. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó rí i kí ó tó gbọ́ ọ.

Kò rí okùn. Ọwọ́ ló fi wá a kó tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú wọn.

Ibẹ̀ yẹn máa ń mú omi bọ́ lójú mi, Àkànjí, bí mo ti dàgbà tó yìí. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń bá wí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti lò nílé rẹ. Mo ti gbọ́ “ẹ̀fọ́ dára” lẹ́nu rẹ nígbà mẹ́rin, mo sì ti rí ẹ̀fọ́ létí àwo rẹ nígbà mẹ́rin. Dókítà bá ọ sọ̀rọ̀, o ní ó di ọdún tuntun. Ìkòkò tó ní láárí ni ìwọ náà ń dúró dè. Bàbá rẹ dúró dè é. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni nígbà tí a sin ín, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì da erùpẹ̀ sí i lára. N kò ní purọ́ pé ewé ìbá gbà á là. Mo kàn mọ̀ pé a bẹ̀ ẹ́ títí, kò sún, ó sì ń dùn mí di òní.

Mo tún wo ìyàwó rẹ ní ìdáná láàárọ̀ yìí. Ó ń rẹ́ ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun, kí o má baà rí i nínú ìrẹsì. Ohun tó fi ń pè ọ́ wá sí èbúté nìyẹn, o kò sì mọ̀. Títí dìgbà wo ni yóò máa pè? Ẹlẹ́ran ara ni òun náà, ó lè rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. N kò ní kí o fi ẹran sílẹ̀, n kò sì ní kí o fi gbogbo àwo ṣe ẹ̀fọ́. Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Òun ló ń gbé oúnjẹ bọ̀ yẹn. Sún.