Oníwàásù Tí Kì í Dánu Dúró

Oníwàásù kan wà tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó sì gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìwàásù, Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó sì ń fi wàásù. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìjọ kékeré kan, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbà kò ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ògbufọ̀ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣe irú ìjọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Oníwàásù á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́. Ògbufọ̀ á sọ ọ́ ní Yorùbá, òun náà á dákẹ́. Ọ̀rọ̀ a máa lọ bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó ọ̀kan bá ń lọ sókè, ti èkejì ni ó ń bọ̀ nílẹ̀.

Oníwàásù yìí kì í dákẹ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lára. Ó gbà tọkàntọkàn ni pé bí òun bá dákẹ́, iná ọ̀rọ̀ náà á kú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń parí lẹ́nu rẹ̀, òmíràn á ti gun orí rẹ̀, ẹ̀kẹta á sì ti di ìrù ìyẹn mú. Ògbufọ̀ á la ẹnu, á tún pa á dé. Nígbà tí àyè bá wá yọ, orí ọ̀rọ̀ àti ìrù rẹ̀ ni yóò sọ. Àárín á ti bọ́ sọ́nà. Ìjọ a pàtẹ́wọ́, oníwàásù a sì rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìyá kan wà nínú ìjọ náà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Nígbà tí ààwẹ̀ ìjọ ń sún mọ́lé, oníwàásù gbọ́ pé àwọn kan ń sọ fún ìyá náà pé ẹni tí ó bá ń gbé oògùn mì nínú ààwẹ̀ kò ní ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kó ìdààmú bá a. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ dójú ti ìyá àgbà, nítorí náà ó pinnu láti sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ, kí ẹni tí ó ni ín mú un.

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ó sọ ọ́ ní èémí kan ṣoṣo: pé kí ìjọ fi ìgbàgbọ́ wọnú ààwẹ̀ Ọlọ́run ni olùwòsàn kì í ṣe gbogbo ara ló lè gba ààwẹ̀ ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn kó máa lò ó Ọlọ́run kò ní bínú sí i ìgbàgbọ́ ni yóò gbà wá là.

Òógùn bo ògbufọ̀. “Ó ní ká fi ìgbàgbọ́ wọnú ààwẹ̀ yìí,” ni ó wí. “Ọlọ́run ni olùwòsàn. Ìgbàgbọ́ ni yóò gbà wá là!”

Ìjọ ké “Àmín!” Ohùn ìyá náà ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Oníwàásù kò gbọ́ ohun tí ògbufọ̀ sọ, nítorí pé ẹnu òun fúnra rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìyá náà kó oògùn rẹ̀ sábẹ́ àpótí. Kí ààwẹ̀ tó parí, ó ṣubú níbi tí ó ti ń gbálẹ̀, wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Kò kú. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Oníwàásù lọ kí i.

“Ìyá, ẹ kú ewu. Kí ló dé tí ẹ fi dá oògùn yín dúró?”

“Ẹ̀yin lẹ ní ìgbàgbọ́ ni yóò gbà wá là, sà.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì sọ pé kí ẹni tó ní oògùn máa lò ó.”

Ìyá náà wò ó. Ó fi ẹnu tí ó wọ́ náà bi í léèrè.

“Ta lẹ sọ ọ́ fún?”

Oníwàásù dágbére fún un. Nígbà tí ó jáde, ó lọ ká ògbufọ̀ mọ́lé, inú ń bí i.

“Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ìyá yẹn sọ, ibo lo gbé e sí?”

“Pásítọ̀, ẹrù mélòó lẹ fẹ́ kí n rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Kí n tó gbé ọ̀kan, ẹ ti ju méjì lù mí láyà. Èyí tí mo rí mú ni mo mú.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi látọjọ́ yìí?”

“Ìgbà wo lẹ dákẹ́ tí ǹ bá fi sọ ọ́?”

Lọ́jọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, oníwàásù gbìyànjú àtúnṣe. Ó ń mí díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, èémí tí kò ju gbígbé itọ́ mì lọ. Ògbufọ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, á bẹ̀rẹ̀. Oníwàásù náà á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lu ara wọn. Bàbá kan pariwo láti ẹ̀yìn: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ayò, ká mọ ẹni tí a máa gbọ́!” Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Oníwàásù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé èémí díẹ̀ kò tó pa ààlà.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè kí ó tó gun pẹpẹ: Ta ni ó ṣe é? Kí ni ó ṣe? Ǹjẹ́ èyí lè dá dúró? Bí ó bá lè dá dúró, á sọ ọ́, á pa ẹnu dé, á sì dúró títí ẹnu ògbufọ̀ yóò fi pa dé pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣe ni ó dàbí ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Nínú ìdákẹ́ náà, olúkúlùkù lè gbé ọ̀rọ̀ wọ̀n, òun náà sì rí i pé àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ òun kò wúwo rárá. Eré tí òun ń fi ẹnu sá ni ó ti ń bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ààwẹ̀ mìíràn dé. Oníwàásù sọ pé kí ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn má ṣe dá a dúró. Ó pa ẹnu dé. Ògbufọ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá, ketekete. Kò sí ẹni tí ó ké àmín. Ó ṣe oníwàásù bíi kí ó fi nǹkan kún un, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra.

Lẹ́yìn ìsìn, àgbàlagbà kan dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. “Pásítọ̀, tèmi ńkọ́? Ìtọ̀ ṣúgà ni tèmi. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti máa ń pa oògùn tì bí a bá ń gbààwẹ̀.”

“Tiyín náà wà níbẹ̀, sà,” ni oníwàásù wí.

Apá ìyá náà kò padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé, ẹ̀yin ni àkàwé yìí ń bá wí. Nígbà tí gbólóhùn kan bá ti ní olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, tí ó sì lè dá dúró, tí ẹ wá ti òmíràn bọ̀ ọ́ lẹ́yìn láìpa ààlà, ẹ ti di ẹrù méjì lé òǹkàwé lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ́mà nìkan kò tó. Èémí díẹ̀ ni. Ẹ fi àmì ìdánudúró pa ti àkọ́kọ́ dé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ìdí èkejì, tàbí tí ó ta kò ó, ẹ wá ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀, kí òǹkàwé má baà máa méfò. Ẹ má sì wí pé ẹni tí ó bá gbọ́n yóò lóye. Ẹ kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí yóò bá ń kà á, ẹ kò sì mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ẹ padà sí ojú ìwé yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí, ẹ jẹ́ kí ó parí.