Bí Ìjàpá Ṣe Fún Fídíò Odò Pọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ká kò, ó ká rẹ́gẹ́, ó ká Ìjàpá ọkọ Yánníbo mọ́ ibi tó ti ń di ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹ̀yin ọmọ, ta ló mọ ìdí tí Ìjàpá fi ń fa orí wọlé? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹsẹ̀ ńlá kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Erin kó òkúta dí odò lókè, ó ní ti òun nìkan ni. Àwọn ọmọ ẹranko ń lá ẹrọ̀fọ̀. Àbíkẹ́yìn Ọ̀yà kò lè dìde mọ́ nítorí òǹgbẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi, ó fi fóònù ya fídíò Erin látorí òkúta àkọ́kọ́ títí tó fi dí odò pa. Kìnnìún ọba wà ní igbó òkèèrè, ó ní bí òun kò bá fojú rí i, òun kò ní dá ẹjọ́.

Fídíò náà tóbi jù. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Kìnnìún títí, kò lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì igbó ń wọ́ bí ìgbín.

Ni Ìjàpá bá yọjú. "Ẹ gbé e wá. Màá fún un pọ̀ kó lè kéré."

Ọ̀yà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí èérún iṣu lẹ́nu rẹ̀. Ta ló ń rí iṣu jẹ nínú ọ̀dá yìí, bí kì í ṣe ẹni Erin?

"Báwo lo ṣe máa fún un pọ̀?"

"Bí a ṣe ń fún gààrí ni, Ìyá Ọ̀yà. Omi nìkan ló ń jáde."

Wọ́n fi fídíò náà lé e lọ́wọ́. Ó wọ ẹ̀yìn igbó lọ. Nígbà tó dé, fáìlì náà ti kéré bí ẹyin aláǹgbá.

"Ẹ fi ránṣẹ́ kíá!"

"Kí a kọ́kọ́ tú u wò," ni Ọ̀yà wí.

"Háà! Ẹ má tú u o, yóò bàjẹ́!"

"Ìjàpá, ẹrù wo la dì tí a kò gbọdọ̀ tú?"

Wọ́n tú u. Odò ń ṣàn. Ẹyẹ ń kọrin. Erin kò sí níbẹ̀ rárá.

"Ìjàpá, Erin dà?"

"Ẹ̀... ó bá omi jáde ni."

"Odidi Erin!"

Ariwo ta. Àwọn kan bú sẹ́kún, wọ́n ṣe bí ẹ̀rí ti run. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá náà rò. Ó gbàgbé ẹni tí Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í ri ẹ̀kùrọ́ sójú kan. Bó ṣe ń ri ti ìdí igi, ló ń ri ti ẹ̀bá ọ̀nà.

"Ẹ̀dà ni mo fún un," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ojúlówó wà nílé."

Ó fún un pọ̀ fúnra rẹ̀ ní gbangba. Ohun tó jọra, ó ká a léra bí aṣọ. Kò yọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tú u wò: Erin pé, òkúta pé. Wọ́n fi ránṣẹ́. Kìnnìún rí i, ó pàṣẹ kí Erin kó gbogbo òkúta náà kúrò lójú gbogbo ìlú. Omi dé. Ọmọ Ọ̀yà mu, ó dìde.

Bí Erin ṣe gbé òkúta tó kẹ́yìn, ó yíjú. "Ìjàpá! Iṣu mi tí o jẹ dà?"

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìjàpá kò rí ibi sá sí. Ó bá fún ara rẹ̀ pọ̀: orí wọlé, ẹsẹ̀ wọlé, ìrù wọlé.

Ọ̀yà kan ìkarahun rẹ̀, kò-kò-kò. "Ìjàpá, jẹ́ ká tú ọ wò!"

"Ẹ má tú mi o, màá bàjẹ́!"

Ìdí nìyí tí Ìjàpá fi ń ká ara rẹ̀ sínú ìkarahun bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá yín dín ẹrù kù, ẹ bi í ní ohun tó yọ, kí ẹ sì tú u lójú rẹ̀.

Àlọ́ mi rèé ní kíkún. Bí mo bá yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú rẹ̀, kí ẹnu mi má dún.

Pó, pó, pó!