Ọ̀rọ̀ Ẹtu Tí Wọ́n Gé

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ.
Àlọ̀.
Àlọ́ mi já lu etí odò, ó já lu Ẹtu abiamọ.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ẹni tó bá fẹ́ fèsì ní ìpàdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dá lóhùn sọ. Lọ́dún ọ̀dá kan, Ẹkùn ọba gba odò mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Ẹtu dìde ní ìpàdé, ó ní, "Àwọn kan ń sọ pé kí a pa ọba. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Kí ọba ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mumi."

Òkété, tó ń jẹun lọ́dọ̀ ọba, fèsì. Ó ní, "Ẹtu sọ pé, 'Kí a pa ọba.'"

Ọ̀bọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tún ti Òkété sọ, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa ọba?"

Ìkookò tún ti Ọ̀bọ sọ. Kò sẹ́ni tó bi Ẹtu. Ó fi orin bẹ̀ wọ́n:

Ọ̀rọ̀ mi kò mọ níbẹ̀.
*Ẹ sọ ọ́ tán.*
Mo ní n kò bá wọn sọ ọ́.
*Ẹ sọ ọ́ tán.*

Ẹkùn pa á níwájú ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé tú, Ìgalà, tó ti jókòó ti Ẹtu látìbẹ̀rẹ̀, sọ fún ọmọ náà jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà ní, "Ṣé ẹ mọ̀ nígbà yẹn, mà?"

Ẹ̀yin ọmọ, nínú gúrúùpù orí fóònù yín, ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ ẹni wá lódindi kí ẹ tó fèsì. Òkété ló gé ọ̀rọ̀ Ẹtu. Ìyókù wà lẹ́nu Ìgalà, ó sì gbé e mì.