Aró Inú Ọkọ̀ Ògúnbíyìí

"Ibi tí omi ti ń kán kọ́ ló ti wọlé." Bí ẹ bá ti jókòó ti àwọn àgbà etí ọ̀sà rí níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà, ó ṣòro kí ẹ má tíì gbọ́ òwe yìí. Àwa tí a ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ a máa rò pé ọ̀rọ̀ ilé tó ń jò ni. A ó gbójú wo òrùlé, a ó mi orí, a ó ní òwe náà ti yé wa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ìpilẹ̀ rẹ̀? Kì í ṣe ilé ló bí i o. Ọkọ̀ ògbólógbòó kan ló bí i, àti bàbá kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ fún odidi ọjọ́ márùn-ún.

Wọ́n ní ní Ẹ̀bútè-Àgbọn, nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì dé orí omi, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé ọkọ̀ ńlá kọjá ọ̀sà, atukọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Ògúnbíyìí. Ọkọ̀ tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ń wà. Òpó kan ga fíofío láàárín ọkọ̀ náà, ara rẹ̀ ni wọ́n ń ta ìgbòkun sí. Wọ́n sì fi pákó bo orí ọkọ̀ láti iwájú dé ìdí, kí ẹrù tó wà nísàlẹ̀ má baà tutù. Bàbá rẹ̀ tó kan ọkọ̀ yìí ló sọ ọ́ ní Ìfọ̀kànbalẹ̀. Orúkọ ńlá! Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, kò sí ohun tí ọkọ̀ náà fún ẹni tó ni ín bí kò ṣe ìdààmú.

Ìbídùn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ògúnbíyìí bí, ń lọ sí ilé ọkọ ní òdìkejì ọ̀sà. Wọ́n ti dá ọjọ́, ó ku ọjọ́ márùn-ún. Ní Ẹ̀bútè-Àgbọn, ọmọ atukọ̀ kì í wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sí ilé ọkọ. Bàbá rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn a ní bàbá kò fi ọmọ sílẹ̀ tọkàntọkàn. Fẹ́yíkẹ́, ìyá ìyàwó, aláró tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ìlú mẹ́ta, ti di ẹrù ọmọ rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ nísàlẹ̀: aṣọ mọ́kànlá tó fi ọdún méjì rẹ láró. Ni òjò kan bá rọ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n wọ inú ọkọ̀ lọ wò, omi ń kán sórí ẹrù ìyàwó, tó, tó, tó.

Ògúnbíyìí ránṣẹ́ sí Láṣebìkan, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní èbúté náà. Láṣebìkan wo ibi tí omi ti ń kán, ó gun òkè, ó fi òwú dí àlàfo pákó tó wà lókè ibẹ̀ gan-an, ó sì da ọ̀dà gbígbóná lé e. Ó nu ọwọ́, ó ní ó parí. Òjò ọjọ́ kejì rọ̀ láàárọ̀, omi kán. Ó padà wá da ọ̀dà mìíràn. Òjò ìrọ̀lẹ́ rọ̀, omi kán. Nígbà tó fi máa dà á lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀dà ìdí ọkọ̀ ti ga débi pé ó lè gbé èèyàn ṣubú, Láṣebìkan fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ ọ́. Omi kò tilẹ̀ bìkítà. Ibi tó ti ń kán tẹ́lẹ̀ náà ló ti ń kán.

Ẹ̀rù wá ń ba Ògúnbíyìí, kì í sì í ṣe nítorí aṣọ nìkan. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ ní èbúté, àárín omi ló ti máa sọ ọ́. Àárín ọ̀sà tiwọn kì í sì í ṣe ibi eré, afẹ́fẹ́ a máa dédé já wọ ibẹ̀ láìkílọ̀. Lójú ọ̀sán gangan ni bàbá yìí ń rí ojú ọmọ rẹ̀ nínú omi. Ara rẹ̀ kò gba nǹkan kan mọ́. Ó bá Láṣebìkan jà nítorí òwú. Ó bá ará ilé kejì jà nítorí ewúrẹ́ tó kàn ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Fẹ́yíkẹ́ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì ti àwo sẹ́yìn.

"Ata inú ọbẹ̀ yìí ti pọ̀ jù! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Fẹ́yíkẹ́ wò ó. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi ìkòkò aró rẹ̀. Nígbà tó máa padà, agbè méjì ló gbé. Omi osùn pupa wà nínú ọ̀kan, aró tó ti kú, tí kò wúlò fún aṣọ mọ́, wà nínú èkejì.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ọkọ̀," ó wí. "Ẹ̀yin á wà nísàlẹ̀, èmi á wà lókè."

"Kí lo fẹ́ fi aró ṣe? Ṣé ọkọ̀ lo fẹ́ rẹ ni?"

"Gbogbo omi ló jọra, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ dá èyí tó ń wọlé mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kun wọ́n láwọ̀, ká lè mọ ọmọ tó jẹ́ ti baba rẹ̀."

Ògúnbíyìí dìde, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n kó ẹrù ìyàwó kúrò, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ibi tí omi ti ń kán. Bàbá náà dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Fẹ́yíkẹ́ da osùn sórí ọ̀dà Láṣebìkan. Wọ́n dúró. Ẹ̀kán kan ṣoṣo kò kán. Ó da ìyókù sí àlàfo pákó tó wà nítòsí. Aṣọ funfun wà bó ṣe wà. Láṣebìkan, tó ti dé tó ń wò wọ́n, ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé iṣẹ́ òun dára.

Ni Fẹ́yíkẹ́ bá gbé agbè aró, ó rìn lọ sí àárín ọkọ̀ níbi tí òpó wà. Okùn mẹ́fà ló di òpó yìí mú kó má baà wó, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Wọ́n so okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ irin pẹlẹbẹ kan tó la pákó orí ọkọ̀ kọjá, tí wọ́n sì kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀. Bàbá tó bí Ògúnbíyìí ló kàn wọ́n. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ògún, Ògúnbíyìí a máa fi epo pa orí àwọn irin náà, wọn a sì máa dán. Ṣùgbọ́n kò yọ ọ̀kan wò rí, nítorí èèwọ̀ ìlú ni: irin tí bàbá kàn, ọmọ kì í tú u. Ìdí irin àárín lápá ọ̀tún ni Fẹ́yíkẹ́ da aró sí.

Ògúnbíyìí ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó. "Kúrò nídìí irin bàbá mi!" ó kígbe láti ìsàlẹ̀. "Ibẹ̀ jìnnà sí ibi tó ń jò!"

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí nǹkan tútù fi kán sí i níwájú orí. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó wo ìka rẹ̀. Aró ni. Òmíràn kán sórí aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tàn kálẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ó dìde jókòó. Ó fi ìka tọ ipa aró náà padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ìdí irin. Àṣé bí omi bá ti gba ẹ̀gbẹ́ irin wọlé, ńṣe ló ń rọra rìn lẹ́yìn igi àjà níbi tí ojú kò tó, tó ń bá a lọ títí dé ìdí ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ ju iwájú lọ. Ibẹ̀ ni kò ti rí ọ̀nà mọ́, ibẹ̀ ló ti ń kán. Fẹ́yíkẹ́ yọ orí sí i láti òkè. Ó rí aró níwájú orí ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n, ó sì gbé e mì.

"Bàbá Ìbídùn, ibi tí omi ti ń kán kọ́ ló ti wọlé," ó wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí Láṣebìkan má baà gbọ́. "Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àárọ̀ náà ńkọ́? Ata tí mo ti ń fi se ọbẹ̀ fún yín láti ọdún méjìlélógún náà ni. Ata kọ́ lẹ ń bá jà. Ọmọ yín ló ń lọ."

Omi lé ròrò sí Ògúnbíyìí lójú. Ó ní aró ló ta sí òun lójú, Fẹ́yíkẹ́ sì gbà bẹ́ẹ̀ fún un.

Láṣebìkan ní kí wọ́n da ọ̀dà sí ìdí irin, kó sì parí, ó ní irin tó ń dán tó báyìí, kí ló lè ṣe é? Ṣùgbọ́n Ògúnbíyìí dúró níwájú irin bàbá rẹ̀. Bó bá yọ ọ́, ó ti fọwọ́ kan èèwọ̀. Bí kò bá yọ ọ́, ta ló mọ ohun tí omi ti ń fi irin náà ṣe níbi tí epo ọdún Ògún kò dé? Ó tú okùn kúrò lára irin náà, ó dọ̀bálẹ̀ lórí pákó.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó wí. "Ọmọ ọmọ yín ni mo fẹ́ gbé kọjá."

Ó di irin mú, ó fi ẹsẹ̀ tì, ó múra àtilàágùn. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀yìn lalẹ̀. Irin náà yọ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Lókè ó ń dán, ṣùgbọ́n apá tó wà nínú pákó ti dógùn-ún, omi ti jẹ ẹ́ títí kò fi nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Ògúnbíyìí fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó kán. Láṣebìkan jókòó sílẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó jókòó. Ohun tó di òpó mú nìyẹn! Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sà ni ìbá kù kí òpó wó lu ìyàwó àti àwọn tó ń sìn ín. Omi tí wọ́n ti ń bú láti ọjọ́ mẹ́ta, ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún wọn.

Wọ́n yọ márùn-ún tó kù. Mẹ́ta nínú wọn ló ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìlú wá wò ó, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ èèwọ̀. Fún ọjọ́ méjì ni alágbẹ̀dẹ kò fi ọwọ́ kúrò lẹ́nu ewìrì, ó rọ irin tuntun mẹ́fà tó nípọn ju ti àtijọ́ lọ. Láṣebìkan, tí ojú ń tì díẹ̀, gé gbogbo pákó tó ti jẹrà kúrò, ó fi igi òpepe, tí omi kì í tètè jẹ, dípò rẹ̀, ó sì fi òwú tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà we irin kọ̀ọ̀kan kó tó kàn án. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, Fẹ́yíkẹ́ da gbogbo aró tó ṣẹ́ kù sí ìdí wọn. Ògúnbíyìí dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn ún. Aṣọ funfun kò yí àwọ̀. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọjọ́ ìyàwó pé, wọ́n ta ìgbòkun, wọ́n gbéra. Ìbídùn jókòó nítòsí bàbá rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọrin. Wọ́n dé àárín ọ̀sà, ojú omi ṣú lápá ọ̀tún, afẹ́fẹ́ sì já lu ìgbòkun gbàmù. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orin dákẹ́, igbe gba ibẹ̀. Àwọn okùn apá ọ̀tún le dan-in dan-in, wọ́n ń kùn. Gbogbo èèyàn ń wo orí òpó. Ògúnbíyìí nìkan ló ń wo ìdí irin. Afẹ́fẹ́ náà fà, ó fà, ó tún fà. Irin kò mira. Nígbà tó ṣe, ojú omi là, ọkọ̀ sì dìde dúró.

"Bàbá," Ìbídùn rọra wí, "ẹ tú mi sílẹ̀. A ti kọjá."

Ìgbà náà ni Ògúnbíyìí tó mọ̀ pé ọwọ́ kan lòun fi di igi ìtọ́kọ̀ mú, òun sì ti fi ìkejì di ọrùn ọwọ́ ọmọ òun mú pinpin. Ó wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tú u sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, kí Ògúnbíyìí tó padà sílé, ó fún ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan tó dì sínú aṣọ funfun tí aró kán sí. Irin bàbá rẹ̀ tó kán ni. Gbólóhùn tí Fẹ́yíkẹ́ sọ fún un nípa ibi tí omi ti wọlé ló tún sọ fún ọmọ, kò fi nǹkan kan kún un. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ń wo ara wọn lójú: ta ló ń fi irin dógùn-ún ta ọmọ lọ́rẹ? Ṣùgbọ́n Ìbídùn fi í pamọ́. Ní ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ojú omi dé, tó sì kọ́kọ́ jágbe mọ́ ọn pé ọbẹ̀ kò níyọ̀, ó ti ń wá èsì tó máa gún un nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára irin náà. Ó gbé èsì náà mì. Ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ lójú omi lónìí?" Ọkùnrin náà ní wọ́n ti gbé òkú ọ̀rẹ́ òun jáde nínú omi ní òwúrọ̀ yẹn.

Láti ilé Ìbídùn ni gbólóhùn náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn ará òdìkejì ọ̀sà, tó sì di òwe. Bí ọkọ bá ń jà nítorí ọbẹ̀, bí ọmọ bá ń sunkún nítorí ohun tí kò tó ẹkún, bí ará ilé kan bá dédé ń kanra mọ́ gbogbo ayé, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń pa á, kí a má baà máa da ọ̀dà lé ọ̀dà níbi tí kò jò. Wọn a ní kí a dákẹ́ ariwo, kí a tọ ipa rẹ̀ padà sẹ́yìn, nítorí ibi tí omi ti ń kán kọ́ ló ti wọlé.