Ìyùnadé àti Àádọ́ta Ìyá Àgbà Aláró

"Olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá fi ọpọlọ ara wọn kọ iṣẹ́, ogójì akẹ́kọ̀ọ́ péré ni a ó máa kó fún un." Ìlérí ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ẹ̀rọ-ń-pìtàn-kò-nílé-baba, Ẹnu-ń-ròyìn-ẹsẹ̀-kò-débẹ̀, àwọn ni babaláwo tó dífá fún Ìyùnadé, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sú u í kà.

Igba akẹ́kọ̀ọ́ ló ní. Ó ní kí wọ́n kọ ìtàn ìyá àgbà wọn. Wọ́n gbé ìbéèrè náà fún ẹ̀rọ inú fóònù tó ń báni kọ̀wé. Nígbà tí iṣẹ́ dé, àádọ́ta ìyá àgbà ló jẹ́ aláró, gbogbo wọn ló sì kú ní àárọ̀ ọjọ́ òjò.

Ìyùnadé ní, "Ṣé ìyá àgbà kan ṣoṣo ló kárí gbogbo yín ni?"

Látúndé, akẹ́kọ̀ọ́ kan, dáhùn: "Mà, ẹbí wa ló pọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyùnadé kò rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé wọn yóò gboyè, wọn kò sì ní lè kọ lẹ́tà.

Àwọn babaláwo ní kó rúbọ. Ẹbọ náà kò ní ẹyẹlé nínú. Kó sun ìbéèrè tó ti ń lò láti ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe é, kó kà á sí wọn létí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì mú ẹni tó pìtàn fún un wá jẹ́rìí. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n yọ ṣùtì. Ìyùnadé gbọ́, ó rú u.

Ó kọ ìtàn àdúgbò tirẹ̀. Ó ṣì í kọ níbi méjì; aládùúgbò rẹ̀ tó mú wá jẹ́rìí tún un ṣe níṣojú gbogbo kíláàsì. Ẹ̀rù àṣìṣe kúrò lára wọn. Wọ́n lọ bèèrè nílé.

Ìyá Látúndé, ẹlẹ́ja gbígbẹ, wá jẹ́rìí. Ọmọ ń kàwé lọ, ìyá dá a dúró.

"Irọ́! Ta ló ní ọba ló gbẹ́ kànga wa? Bàbá rẹ ló gbẹ́ ẹ, èmi ni mò ń fa erùpẹ̀ sókè!"

"Ẹ má bínú, Màámi. Mo rò pé ti ọba yóò dùn ún kà ni."

"Kọ ọ́ bó ṣe rí, jàre. Àbí bàbá rẹ ń tì ọ́ lójú?"

Látúndé fagi lé ọba. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí sáà parí, igba ìtàn ló wọlé, méjì kò jọra. Inú Ìyùnadé dùn. Ó ń yin àwọn tó dífá fún un, àwọn náà ń yin Ifá. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn, tó sì rúbọ, ire kò ní ṣì í lọ́nà. Olùkọ́ tí kò lè ṣe iṣẹ́ tó ń fún ọmọ, kó má bá ẹ̀rọ wí.

Sáà tuntun wọlé. Ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀gá àgbà kó fún Ìyùnadé.