Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Wáyà Àpótí Oyin

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba ẹ̀yìn oko oyin kọjá, ó kọsẹ̀ lára àpótí, ó já lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń sin oyin nínú àpótí. Wọ́n á fi igi kan férémù bíi ti fèrèsé, wọ́n á gbé ìda pẹlẹbẹ sí i, àwọn oyin á wá mọ afárá wọn lé e. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, oòrùn mú jù. Ìda rọ̀, afárá wó, ọ̀pọ̀ ọmọ oyin sì kú sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Oyin lọ bá Ìgalà, olórí ìlú.

"Bàbá, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí afárá bá tún wó lé àwọn ọmọ mi lórí, a ó kó kúrò nílùú yìí ni."

Àyà gbogbo ìlú já. Oyin ni wọ́n fi ń wo ikọ́, òun ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ.

Àkókó tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ní kí wọ́n má mikàn. Ó fi ìlu lu ihò sára férémù. Ó fa wáyà tín-ín-rín gba inú ihò náà, ó fi ẹ̀mú fà á le títí ó fi ń dún. Ó gbé ìda lé wáyà. Ó ki kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín kan bọ iná, ó yí i lọ lórí wáyà, wáyà sì rì sínú ìda.

"Eléyìí ò ní wó," ni ó wí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rò ó pé bí òun bá kó gbogbo wáyà yìí sínú àpótí tòun nìkan, oyin òun á ju ti gbogbo ìlú lọ.

"Bàbá Àkókó, ọrùn ń dùn yín. Ẹ lọ sinmi. Èmi ó bá yín parí ẹ̀."

"Ṣé o lè ṣe é?"

"Ṣebí ẹ̀yin ni mò ń wò látàárọ̀."

"Kí lo máa gbà?" Ìgalà bi í.

"Kò tó nǹkan, Bàbá. Tí a bá fẹ́ kórè, kí n kọ́kọ́ mú férémù tó bá wúwo jù nínú àpótí kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n gbà fún un.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé iṣẹ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó kó wáyà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn de àpótí tirẹ̀. Ó mú èédú, ó fi fa ìlà tín-ín-rín sára ìda, àfi bí ẹni pé wáyà ló wà níbẹ̀. Nígbà tó kó àwọn férémù náà jáde, Àkókó, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, yẹ̀ wọ́n wò.

"Wáyà tìrẹ mà tín-ín-rín o."

"Ọwọ́ mi ló rọ̀, Bàbá."

Wọ́n to àwọn férémù náà sínú àpótí, àwọn oyin sì mọ afárá lé wọn. Ìgbà ìkórè dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ ṣí àpótí. Ó gbé férémù kan, ó dá a padà. Ó gbé òmíràn, apá rẹ̀ gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé e sókè, ó ní kí gbogbo ìlú wá wo ohun tó wúwo. Bẹ́ẹ̀ ni afárá yọ kúrò lára igi, ó já lé e lórí gbàà, tòun ti àwọn oyin tó wà lára rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn oyin gbá tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọrin:

Ọ̀kẹ́rẹ́, wáyà dà?
Wáyà dà?
O fèédú fàlà fún wa,
Wáyà dà?

Ó sá wọ ilé rẹ̀, ó kó sábẹ́ ibùsùn tó kó wáyà sí. Wáyà kọ́ ọ lọ́rùn. Ó tapá, ó kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó yí padà, ó wé mọ́ ọn nírù. Nígbà tí ìlú gbé ibùsùn kúrò, wọ́n bá a ní dídì bí ẹrù, ojú rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì.

Ìyá Oyin ti ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Ìgalà dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa títí oòrùn fi máa wọ̀."

Ìyá Oyin bà lé ẹ̀ka igi, ó dúró.

Wọ́n tú wáyà kúrò lára Ọ̀kẹ́rẹ́, gbogbo ìlú sì dawọ́ jọ. Àkókó ń lu ihò, àwọn yòókù ń fa wáyà, wọ́n sì fi Ọ̀kẹ́rẹ́ sídìí iná kó máa yí kẹ̀kẹ́. Oyin inú afárá tó já kún ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wú débi pé kò lè lá á. Nígbà tí wọ́n parí, Ìyá Oyin sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lórí férémù kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá wọnú àpótí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wọlé tẹ̀ lé e.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí wọ́n bá fi rán yín, ẹ ṣe é bí ẹni pé orí yín ló máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà náà, bí ẹ bá gbé irinṣẹ́ fún ẹni tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà kí ẹ tó gbà á.