Ẹbọ Bẹ́líìtì Nọ́ọ̀sì

Ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lágbede méjì ọ̀nà, kó má pe ibẹ̀ nílé: awo ló wí bẹ́ẹ̀ fún Fadérera, lọ́jọ́ tí inú ń bí i gidigidi.

Fadérera ti jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti gbẹ̀bí, ó ti palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́ lábẹ́ àgbàlagbà tó ń bú u. Síbẹ̀, ilé ìwòsàn tó wáṣẹ́ lọ ní kó mú ìwé àṣẹ wá. Ó ní òun ti jáde. Wọ́n ní ìdánwò ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ìforúkọsílẹ̀ ńkọ́? Ìbúra ńkọ́? Òun àti Ṣijúwadé tí wọ́n jọ jáde bá fi ìbínú de bẹ́líìtì tí àwọn tó ti gbàṣẹ nìkan ń dè. Àdúgbò ń pè wọ́n ní Nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń dáhùn.

Ìbínú ò rọlẹ̀. Fadérera tọ Ìyá Fátúnmiṣe lọ, awo agbolé wọn, pé kó bá òun wo ọ̀tá tó dí òun lọ́nà. Ìyá ní kò sí ọ̀tá, ẹbọ ló wà.

“Tú bẹ́líìtì yẹn síbí. Má dáhùn bí wọ́n bá pè ọ́ ní Nọ́ọ̀sì, má gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, títí o ó fi ṣèdánwò, tí o ó búra, tí àṣẹ ó fi tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.”

“Ìyá, ṣé ewúrẹ́ ò lè dípò rẹ̀?”

“Kí ni ewúrẹ́ ṣe? Ṣé òun ló de bẹ́líìtì?”

Fadérera já a sọ sílẹ̀ gbì.

“Ifá ò ní kí o rẹ́rìn-ín,” Ìyá wí. “Ó ní kí o tú u.”

Ṣijúwadé gbọ́, ó yínmú. Ó ní kí Fadérera lọ jókòó ti ìwé, òun ń lọ sọ́dọ̀ aláìsàn.

Fadérera ń gbára dì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níwájú olùdánwò, tí ẹnu ń ròyìn ohun tí ọwọ́ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ló ń fi bàbá rẹ̀ kọ́ ọwọ́ láràárọ̀.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá. Mo fẹ́ wẹ̀ yín lórí ibùsùn.”

“O wẹ̀ mí lánàá. Ṣé mo ti kú ni?”

Bí aládùúgbò bá ké “Nọ́ọ̀sì!”, Fadérera á gbé ìbínú mì, á ní kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn.

Ṣijúwadé gún káfíńtà kan lábẹ́rẹ́. Ara ọkùnrin náà wú bí àkàrà. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ béèrè ìwé àṣẹ. Àgọ́ ọlọ́pàá ni Ṣijúwadé ti lọ dáhùn. Ìgbìmọ̀ sì ti ilẹ̀kùn ìdánwò mọ́ ọn.

Fadérera yege. Lọ́jọ́ ìbúra, ojú rẹ̀ le koko. Ó fi ohùn ìjà búra, wọ́n sì gbà á wọlé bẹ́ẹ̀. Ó ríṣẹ́, ó rọ́wọ́ mú. Ṣijúwadé tó yínmú sí awo ń kábàámọ̀ títí dòní. Ẹbọ tí a bínú rú, ẹbọ náà ni. Èyí tí a fi ṣẹ̀sín ni kì í dà.